Kámẹ́rà Rí I, Àwa Kò Rí I

(Orin ètò, ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.)

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ìkòtún sí Èjìgbò, tí àwọn táńkà tó ń lọ gbé epo ní dẹ́pò NNPC dí ọ̀nà mọ́, Ọlọ́run yóò mú yín délé láyọ̀. Ẹ bá wa yí rédíò sókè díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà aṣọ́lé, èyí tí gbogbo wa ń pè ní CCTV, ni mo gbé wá lálẹ́ òní. Ẹ ti gbọ́ nípa kámẹ́rà fúnra rẹ̀ tó: èyí tó ń ríran lóru, èyí tó ń yí ọrùn, èyí tó ní iná pupa. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ibi tí a ti ń wo ohun tí kámẹ́rà rí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, ìyẹn áàpù orí fóònù àti ti orí kọ̀ǹpútà. Ohun tí mo fi ojú ara mi rí ní ṣọ́ọ̀bù ìyá aláṣọ kan nítòsí Jákáńdè Géètì ló gbé mi débẹ̀.

Ìyá yìí ń ta àǹkárá, léèsì àti gínì. Owó èsúsú ló fi so kámẹ́rà mẹ́rin: ọ̀kan kọjú sí títì, ọ̀kan wà lókè ilẹ̀kùn, méjì wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá a ṣe é gbé àpótí DVR, èyí tó ń gba àwòrán sílẹ̀, sí abẹ́ káńtà, ó fi wáyà so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n kékeré kan, ó fi áàpù sórí fóònù ìyá, ó gbowó, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó di òru ọjọ́ Ajé mọ́jú ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àwọn olè yọ wíńdò ẹ̀yìn, wọ́n kó odidi ìdì léèsì lọ. Ọlọ́dẹ àdúgbò gbọ́ ìró irin ní nǹkan bí aago méjì. Kó tó fi fèrè rẹ̀ sẹ́nu, wọ́n ti sá.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá ní kí ọmọ òun obìnrin tan tẹlifíṣọ̀n, kó wá aago méjì òru jáde. Ọmọ wá a. Ohun tí wọ́n rí ni ṣọ́ọ̀bù tó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Iná tàn, àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde, ìyá fúnra rẹ̀ sì dúró sẹ́yìn káńtà, ó ń fi ọ̀pá wọn àǹkárá fún oníbàárà. Lókè àwòrán náà, nọ́ńbà funfun kọ ọ́ kedere: aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, òru.

Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé gbogbo irun ara òun ló dìde. Ó ní, "Èmi tí mo sùn sílé mi ní Òkè-Àfà, ta ló wá ń bá mi wọn aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù lóru?" Àwọn kan ní kó lọ gbààwẹ̀. Wọ́n pe ẹni tó so ó. Ó ní òun ń bọ̀. Ó ń bọ̀ títí ó fi di ọjọ́ kẹjọ, kò dé. Èmi ni wọ́n wá pè níkẹyìn, nítorí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti kámẹ́rà ni mo ń ṣe.

Mo wo tẹlifíṣọ̀n náà, mo wo aago ọwọ́ mi, ọ̀rọ̀ sì yé mi. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe àpótí yẹn, aago Ṣáínà ló sì gbé wá láti ilé-iṣẹ́. Aago Ṣáínà fi wákàtí méje ṣáájú tiwa. Nígbà tí àpótí bá ní aago méjì òru ti lù, aago méje alẹ́ àná la wà ní Èjìgbò, ìyá ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń tajà. Olè tó wọlé lóru wà nínú àpótí náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló wà, níbi tí kò sẹ́ni tó ronú láti wò. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti so kámẹ́rà yẹn, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fi aago ojú rẹ̀ wé aago ara ògiri rí.

A wá aago mẹ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà. A ò bá nǹkan kan mọ́. Kámẹ́rà mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń rán mẹ́gábíìtì mẹ́rin wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ń kó nǹkan bíi gígábáìtì 172 jọ lójúmọ́. Dísìkì gígábáìtì 1,000 ló wà nínú àpótí. Kò ní pé ọjọ́ mẹ́fà kó tó kún, bó bá sì ti kún, tuntun yóò máa pa ti àtijọ́ rẹ́. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni àwòrán olè fi wà lábẹ́ káńtà, tí ìyá ń tajà lórí rẹ̀. Áàpù tí ì bá ti ké sí i lóru ọjọ́ yẹn wà lórí fóònù rẹ̀. Kò ṣí i rí. Kò sẹ́ni tó fi hàn án bí wọ́n ṣe ń ṣí i.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọjà ṣàlàyé bí nǹkan yìí ṣe rí. Kámẹ́rà dà bí àgbẹ̀ tó ń kó irè oko wọ̀lú. Àpótí tó ń gba àwòrán sílẹ̀, ìbáà ṣe DVR abẹ́ káńtà, ìbáà ṣe kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n ń pè ní server, òun ni oníṣọ́ọ̀bù, dísìkì sì ni yàrá tó ń kẹ́rù sí. Áàpù ni oníbàárà. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ pàápàá kò pè é lórúkọ mìíràn: client ni wọ́n ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí ọ̀rọ̀ náà sì túmọ̀ sí gan-an nìyẹn. Oníbàárà dé, ó sọ orúkọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ fún mi ní kámẹ́rà kejì, láti aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun." Oníṣọ́ọ̀bù wo ìwé rẹ̀ bóyá ẹni yìí lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tó béèrè. Bó bá lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ó wọ yàrá, ó gbé e fún un. Bí kò bá lẹ́tọ̀ọ́ sí i, á ní kó máa lọ.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú: oníbàárà kò ní ọjà lọ́wọ́. Bí fóònù yín bá jábọ́ sínú gọ́tà lónìí, àwòrán ilé yín kò bá a lọ. Ẹ ra fóònù mìíràn, ẹ fi áàpù sí i, ẹ wọlé. Ṣùgbọ́n bí olè bá gbé àpótí abẹ́ káńtà lọ, áàpù orí fóònù yóò máa ṣí ni, kò ní rí nǹkan kan gbé wá fún yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n má gbé àpótí sí abẹ́ tẹlifíṣọ̀n níbi tí gbogbo ayé ti ń rí i.

Pé ibi tí a ti ń wò ni iṣẹ́ wà, obìnrin adúláwọ̀ kan ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Wọ́n ti fi kámẹ́rà ṣọ́ nǹkan ní Jámánì ní 1942, nígbà tí Walter Bruch gbé e kalẹ̀ kí wọ́n lè máa wo bí rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe ń gbéra láìsún mọ́ ọn. Iṣẹ́ ogun nìyẹn. Marie Van Brittan Brown ló ronú nípa ilé. Nọ́ọ̀sì ni, àdúgbò Jamaica ní Queens, nílùú New York, ló ń gbé. Ó máa ń dá wà nílé lóru, torí ọkọ rẹ̀, Albert, tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ, kì í sábàá sí nílé lákòókò yẹn. Àwọn ọlọ́pàá kì í sì í tètè dé bí wọ́n bá pè wọ́n ní àdúgbò wọn. Ìbẹ̀rù tí obìnrin tó bá dá wà nílé lóru ní Èjìgbò mọ̀ dáadáa ni.

Lọ́dún 1966, òun àti ọkọ rẹ̀ kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ àṣẹ fún ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kejìlá, ọdún 1969, ìjọba Amẹ́ríkà fún wọn ní àṣẹ náà, nọ́ńbà rẹ̀ ni 3,482,037. Wọ́n lu ihò mẹ́rin sára ilẹ̀kùn, kámẹ́rà kan ṣoṣo ń gòkè ó ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn wọn, kó lè rí ojú ẹni gíga àti ẹni kúkúrú. Àwòrán náà ń gba afẹ́fẹ́ lọ sí tẹlifíṣọ̀n inú yàrá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó lè bá ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà sọ̀rọ̀ láì dìde. Ó ní bọ́tìnì kan tó ń ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni rere, ó ní òmíràn tó ń ké sí àwọn aláàbò. Kámẹ́rà kan péré ló wà ní ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ìyókù iṣẹ́ náà wà: ibi tó ti ń wò, ibi tó ti ń gbọ́, ibi tó ti lè ṣe nǹkan sí ohun tó rí. Nígbàkígbà tí mo bá ṣí áàpù lórí fóònù, obìnrin yẹn ni mo máa ń rántí.

Lóde òní, ọ̀nà mẹ́ta ni oníbàárà ń gbà dé ṣọ́ọ̀bù. Ti orí kọ̀ǹpútà ló lágbára jù: òun ni ilé-iṣẹ́ àti báńkì ń lò, tó lè fi kámẹ́rà bíi mẹ́rìndínlógún hàn lójú kan. Ti fóònù ló wọ́pọ̀ jù. Ẹ̀kẹta ń gba inú browser, fún ẹni tí kò fẹ́ gbé nǹkan kan sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Milestone, ilé-iṣẹ́ Denmark tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1998, ní gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn tí èmi máa ń bá pàdé jù ládùúgbò wa ni ti Hikvision, ìyẹn iVMS-4200 lórí kọ̀ǹpútà àti Hik-Connect lórí fóònù, àti ti Dahua, tó ní SmartPSS àti DMSS. Orúkọ kò ṣe pàtàkì, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe.

Ohun tó ń lé àwọn èèyàn kúrò nídìí áàpù ni dátà. Bàbá kan sọ fún mi pé òun wo ilé òun láti ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ kan péré, dátà oṣù kan tán. Mo gbà á gbọ́. Kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ń gbé oríṣi àwòrán méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan kún, ó mọ́ gaara, òun ni wọ́n ń gbà sílẹ̀ sínú dísìkì. Bó bá ń sáré mẹ́gábíìtì mẹ́rin ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wákàtí kan yóò jẹ gígábáìtì kan àti mẹ́gábáìtì 800. Bàbá ṣí mẹ́rin papọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó lé ní gígábáìtì méje ní wákàtí kan. Èkejì jẹ́ àwòrán fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n ṣe torí fóònù gan-an. Kì í sábà ju nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 230 lọ ní wákàtí kan fún kámẹ́rà kan. Bọ́tìnì kan wà nísàlẹ̀ áàpù tí ẹ ó fi yan èyí tí ẹ fẹ́, HD tàbí SD ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i. Ẹ fi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wo bóyá ilẹ̀kùn wà ní títì. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ mọ ojú èèyàn ni kí ẹ yí i sí èyí tó mọ́. Ìṣẹ́jú méjì tó fún ìyẹn.

(Orin díẹ̀.)

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ káńtà ìyá aláṣọ ti ṣẹlẹ̀ sí orílẹ̀-èdè wa lápapọ̀ rí. Lọ́dún 2010, ìjọba àpapọ̀ bá ilé-iṣẹ́ ZTE ti Ṣáínà ṣe àdéhùn mílíọ̀nù 470 dọ́là, ọ̀pọ̀ nínú owó náà jẹ́ ẹ̀yáwó láti báńkì Exim ti Ṣáínà. Kámẹ́rà 2,000 ni wọ́n ní àwọn yóò gbé dúró, 1,000 ní Àbújá, 1,000 ní Èkó. Òpó dúró lóòótọ́, ọ̀pọ̀ yín ti kọjá lábẹ́ wọn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn aṣòfin fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé iṣẹ́ wo ni àwọn kámẹ́rà náà ń ṣe. Ó dùn mí púpọ̀, torí owó tiwa ni. Ẹni tó bá fẹ́ ra kámẹ́rà fún ìlú, kó kọ́kọ́ fi yàrá tí wọn yóò ti máa wò ó hàn wá, àti orúkọ ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀ lóru.

Síbẹ̀, jíjókòó lásán kò tó. Ìwé kan tí ẹ̀ka ìdájọ́ ìjọba Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 1999 lórí ààbò ilé-ìwé sọ pé tí èèyàn bá ti tẹjú mọ́ àwòrán kámẹ́rà fún 20 ìṣẹ́jú, ọkàn rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀ débi pé kò lè ṣọ́ nǹkan dáadáa mọ́. Mègádì tí ẹ gbé tẹlifíṣọ̀n síwájú rẹ̀ láti aago mẹ́wàá alẹ́ di aago mẹ́fà àárọ̀, ẹ má bá a jà. Iṣẹ́ áàpù ni kó máa pè é. Ẹ lè fi ìka fa ilà yí ibi kan ká nínú àwòrán, bóyá wíńdò ẹ̀yìn, kí ẹ ní láti aago mọ́kànlá alẹ́ lọ, ohunkóhun tó bá mira níbẹ̀, kí fóònù dún. Ẹ má fi ilà náà kan títì o, torí ọ̀kadà kan ṣoṣo lè mú kó dún ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, ẹ ó sì pa á. Bó bá dún lóòótọ́, ẹ má jáde. Ẹ pe 767 tàbí 112.

Ọ̀nà kan náà la ń gbà wá ohun tó ti kọjá. Ká ní wọ́n jí ọ̀kadà tó wà níwájú ilé yín, ẹ kò ní láti wo wákàtí mẹ́wàá. Ẹ fa ilà yí ibi tí ọ̀kadà náà wà ká, kí áàpù wá ìgbà tí nǹkan mira níbẹ̀ nìkan jáde. Ó lè mú ìgbà mẹ́fà péré wá. Ọmọ ìyá aláṣọ kọ́ èyí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun kan níbí kí ẹ má baà rò pé kámẹ́rà lè gba ẹ̀mí là fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kọkànlá, ọdún 2000, ọmọ wa Damilola Taylor, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí wọ́n bí ní Èkó, jáde láti ilé ìkàwé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin tó dé ibẹ̀. Kámẹ́rà ìta rí i bó ṣe ń tọ pọ́nń-pọ́nń lọ bí ọmọdé tí inú rẹ̀ dùn. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, wọ́n ti fi ìgò gún un ní itan, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì dà títí ó fi kú. Àwòrán yẹn, gbogbo ayé ló wò ó, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó ti kú ni. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi ní 2006, ẹ̀jẹ̀ tó wà lára bàtà ló ṣe pàtàkì nínú ẹ̀rí tó mú wọn, kì í ṣe kámẹ́rà. Mo bí ọmọ. Mi ò lè wo àwòrán yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ẹ̀rí náà. Ohun tí a máa ń ṣe ní Èkó ni pé a gbé fóònù sókè, a fi ya ojú tẹlifíṣọ̀n bó ṣe ń ṣeré lọ, a fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Ó gbọ̀n, ó ṣókùnkùn, ariwo wa ló kún inú rẹ̀. Ìyẹn kọ́ ni ẹ̀dà. Nínú áàpù ni bọ́tìnì wà tí ẹ ó fi yọ ẹ̀dà gidi jáde, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago rẹ̀, sínú fláàṣì. Àwọn áàpù ńlá a tún fi òǹtẹ̀ sí i, tó ń fi hàn bí ẹnikẹ́ni bá ti fọwọ́ kàn án. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní abala 84, ní kí ẹni tó mú ohun tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde wá sí ilé-ẹjọ́ fi hàn pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa lákòókò yẹn, pé òun ni wọ́n ń lò déédéé, kí ẹni tó ń bójú tó o sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí nípa rẹ̀. Àpótí tí aago rẹ̀ fi wákàtí méje sáré ju ti ìlú lọ ńkọ́? Lọ́yà olè yóò bá yín ṣeré níwájú adájọ́.

Bí ẹ bá sì ti yọ ẹ̀dà náà, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá àti lọ́yà yín ni kó lọ. Kó má ṣe lọ sórí WhatsApp àdúgbò. Àwa ará Èjìgbò ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ èyí yé. Ní 2013, nínú ọjà wa níbí, wọ́n fẹ̀sùn olè kan àwọn obìnrin kan nítorí ata. Àwọn ọkùnrin bọ́ wọn síhòòhò, wọ́n sì fi ìyà tí mi ò lè dárúkọ lórí rédíò jẹ wọ́n. Àwọn kan dúró tì wọ́n, wọ́n ń fi fóònù ya fídíò. Oṣù mélòó kan kọjá kí fídíò náà tó jáde síta. Òun ló jẹ́ kí ayé gbọ́, òun ló jẹ́ kí ẹgbẹ́ Women Arise àti àwọn mìíràn lè gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ìjọba. Òun kan náà ló sì gbé ìhòòhò àwọn obìnrin yẹn kárí ayé, láti fóònù dé fóònù, láìsí ẹni tó bi wọ́n léèrè. Nítorí náà, tí mo bá rí ojú ọmọ kan tí wọ́n yọ láti inú kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n kọ "olè rèé" sí abẹ́ rẹ̀, àyà mi a máa já. Mo mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti gbé wa dé rí.

Òfin pàápàá ti wà. Abala 37 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí èèyàn àti ti ilé rẹ̀. Òfin Ààbò Dátà ti oṣù Kẹfà, ọdún 2023, sì ka àwòrán tí a lè fi dá èèyàn mọ̀ sí dátà tirẹ̀. Ó fún ẹni tó ń lo nǹkan fún ilé ara rẹ̀ nìkan ní àyè díẹ̀, bí kò bá ti tẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn lójú, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù àti ilé-iṣẹ́ kò sí nínú àyè yẹn. Bí kámẹ́rà yín bá ń wo wíńdò yàrá aládùúgbò, àyè wà nínú áàpù tí ẹ lè fi bo apá ibẹ̀ dúdú. Ẹ lò ó.

Níbi ìpàdé àwọn onílé kan tí wọ́n pè mí sí lọ́jọ́ Sátidé kan, ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà. Wọ́n ti dáwó so kámẹ́rà mọ́ òpó méjì ládùúgbò. Bàbá alága ní, "Gbogbo wa la dáwó, gbogbo wa ni kí wọ́n fún ní áàpù." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan dìde lẹ́yìn, ayálégbé ni, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Géètì mi ni ọ̀kan nínú kámẹ́rà yẹn kọjú sí. Ṣé gbogbo àdúgbò ni yóò máa mọ ìgbà tí mo wọlé àti ẹni tó gbé mi wálé?" Kò sẹ́ni tó fèsì fún ìgbà díẹ̀. Bàbá alága bọ́ fìlà, ó tún un dé. Ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀rọ yìí, ṣé ó lè fún èèyàn ní díẹ̀, kó má fún un ní gbogbo rẹ̀?"

Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ìwé oníṣọ́ọ̀bù tí mo wí lẹ́ẹ̀kan ni. Àwọn ọlọ́dẹ ní ẹnu géètì gba áàpù tó ń fi ohun tó ń lọ lọ́wọ́ hàn nìkan, kò lè yí padà sẹ́yìn. Bàbá alága àti akọ̀wé, tó jẹ́ obìnrin, ló lè ṣí ohun tó ti kọjá. Láti yọ ẹ̀dà jáde, a pín pásíwọ́ọ̀dù sí méjì: bàbá tẹ ìdajì, akọ̀wé tẹ ìdajì. Àpótí náà sì ń kọ orúkọ ẹni tó bá wọlé àti aago tó wọlé sílẹ̀. Obìnrin yẹn dúpẹ́, ó jókòó.

Pásíwọ́ọ̀dù ni mo ń bọ̀ wá bá báyìí. Lọ́dún 2016, kòkòrò ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Mirai ń rìn kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń kan ilẹ̀kùn kámẹ́rà àti DVR, ó ń dán orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù bíi 60 wò, àwọn tí ilé-iṣẹ́ fi sí i látìbẹ̀rẹ̀ tí onílé kò yí padà. Ó kó ọ̀kẹ́ àìmọye ẹ̀rọ lẹ́rú. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹwàá, wọ́n fi àwọn ẹ̀rọ náà kọlu ilé-iṣẹ́ Dyn ní Amẹ́ríkà, Twitter àti Netflix kò sì ṣí fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Lọ́dún kan náà, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan fi irú rẹ̀ kọlu ilé-iṣẹ́ fóònù Lonestar ní Làìbéríà, níbi tó sún mọ́ wa báyìí. Ilé-ẹjọ́ Lọ́ńdọ̀nù rán an lẹ́wọ̀n ní 2019. Kámẹ́rà ilé àwọn tí kò mọ nǹkan kan ló fi ṣe iṣẹ́ náà.

Èyí tó sì sún mọ́lé jù lọ: ẹni tó so kámẹ́rà fún yín, fóònù ta ni ó fi forúkọ àpótí náà sílẹ̀? Orúkọ kan ṣoṣo ni àpótí máa ń gbà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ín. Àwọn yòókù, ẹni náà ló ń fún wọn láyè. Ọ̀pọ̀ ilé ni mo ti dé tó jẹ́ pé orúkọ ẹni tó so ó ló wà níbẹ̀. Ìyá ilé, bàbá ilé, àwọn ọmọ tó wà ní Kánádà tó ń fi áàpù kí ìyá wọn, àlejò ni gbogbo wọn nínú ilé tiwọn. Ọkùnrin tí wọn kò rí láti ọdún mẹ́ta lè máa wo yàrá ìgbàlejò wọn ní alẹ́ yìí. Ẹ ṣí áàpù yín kí ẹ tó sùn, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ni ẹ̀rọ sí. Bí kò bá jẹ́ ti ẹnì kan nínú ilé yín, ẹ pè é láàárọ̀ ọ̀la kó yọ ọ́, kí ẹ forúkọ tiyín sílẹ̀ lójú rẹ̀, kí ẹ sì yí pásíwọ́ọ̀dù àpótí náà padà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo yà kí ìyá aláṣọ láàárọ̀ kùtù. Wíńdò ẹ̀yìn ti ní irin tuntun. Àpótí DVR kò sí lábẹ́ káńtà mọ́; mi ò ní sọ ibi tó wà. Ìyá kò tíì ṣí ilẹ̀kùn, ó dúró síta pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, rédíò kékeré rẹ̀ ń kọrin lórí bẹ́ǹṣì. Mo kí i, ó fọwọ́ ṣe mí pé kí n dúró ná. Rédíò kéde aago méje. Ó tẹjú mọ́ igun àwòrán níbi tí nọ́ńbà funfun wà, ó kà á fún mi sókè, "Méje géérégé." Ó sọ fóònù sínú àpò tó so mọ́ ìdí, ó yọ kọ́kọ́rọ́.

(Orin ètò.)